Àyè Keje

Bàtà Ìyáàfin Solveig fò kọjá létí ọkọ rẹ̀, ó gbá àwòrán olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ níwájú orí, ó já sínú ìkòkò kọfí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọn àgbà mẹ́wàá tó yí tábìlì ká wo bàtà, wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo kọfí tó ta sára aṣọ tábìlì, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà sí obìnrin dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, tó jókòó sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n gbé kọ́.

"Ó ṣojú mi," ni Ṣìjúadé wí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tàn bí ewé tútù. Àpótí Ìlú, ẹ̀rọ akọ̀wé tó wà láàárín tábìlì, fi ohùn obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ gbà á: "Ó ti wọ ìwé. Solveig Lunde ju bàtà. Bàtà kò ba Birger Lunde. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì kí agogo méjìlá lù."

"Kò bà mí nítorí pé Ọlọ́run ò sùn," ni Birger wí, ó ń fọwọ́ pa etí.

"Kò bà ọ́ nítorí pé ọwọ́ òsì ni mo fi jù ú," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà níbí. Tún dárúkọ obìnrin yẹn."

Birger kò tún un dá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, igbákejì olórí Ẹgbẹ́ Ọmọ Yìnyín, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bàtà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan.

Ọdún kẹfà rèé tí Ṣìjúadé ti ń fi ojú ara rẹ̀ jẹun nílùú Bergsund. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, iṣẹ́ ẹlẹ́rìí dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo eré lọ́fẹ̀ẹ́. Jókòó, lajú, pa ẹnu mọ́. Ẹlẹ́rìí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Tí wọ́n bá sì bi í, kò gbọdọ̀ purọ́, nítorí ẹ̀gbà ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lábẹ́ awọ. Ẹlẹ́rìí tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi tòun tẹrù.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ obìnrin sílẹ̀," ni Torsten Brekke wí. Òun ni olórí ẹgbẹ́. Ó gbá apá àga onítáyà rẹ̀. "Mo ní àwòrán kan lọ́wọ́. Birger ló wà níbẹ̀ yẹn, tó ń fi àsíá ẹgbẹ́ nu imú."

Birger bú sẹ́rìn-ín. "Àwòrán? Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣe àwòrán kan lánàá níbi tí ìwọ Torsten ti ń jó níhòòhò pẹ̀lú àbùùbùtán. Ó dà bí ìwọ ju ìwọ fúnra rẹ lọ. Ta ni nǹkan tìrẹ yẹn ṣojú rẹ̀?"

Torsten jẹ́wọ́: "Kò ṣojú ẹnikẹ́ni."

"Tí kò bá ṣojú èèyàn, kò ṣẹlẹ̀. Gbé e sọnù."

Bí ayé ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ bí a ti ń dá ojú àti ohùn ọmọ èèyàn ṣe. Ojú tó lẹ́jẹ̀ nínú nìkan ni wọ́n ń gbà gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ẹlẹ́rìí funfun ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Yìnyín gbà. Ẹni kìíní jẹ́ ìbátan Birger. Ẹni kejì ti kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Solveig nílé ẹ̀kọ́. Ẹni kẹta kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín tí Torsten bá dápàárá, ìyẹn sì tó fún Birger. Nígbà tó yá, kò sí ẹni funfun kan tó kù ní Bergsund tí apá kan ẹgbẹ́ kò fura sí. Wọ́n kọ̀wé sí ìlú pé kí wọ́n wá ẹni tí kò lè fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nínú àwọn rárá. Ìlú rán Ṣìjúadé Ajíbóyè, ọmọ Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń lé kiri kò lé ní gbólóhùn kan: kí gbogbo ẹni tí kò ní àwo ibojì máa lọ. Àwo tánńganran kékeré ni, wọ́n ń gbé e kọ́rùn, nọ́ńbà ibojì bàbá bàbá èèyàn ní ìlú náà ló wà lára rẹ̀. Torsten ní, Birger ní, Solveig ní. Ṣìjúadé kò ní. Òkun ti gba Ayétòrò kí wọ́n tó bí i. Abẹ́ omi ni bàbá bàbá rẹ̀ sùn sí, ẹja ló ń gbá ibojì rẹ̀.

Ọjọ́ òní gan-an ni ọjọ́ ìwé. Ìwé Ìpadàsílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méje ni òfin gbà pé kí ẹgbẹ́ kan gbé e wá. Ìbùwọ́lù àwọn ará ìlú ti pé. Ohun tó kù ni àtàǹpàkò àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí Àpótí kí agogo méjìlá tó lù. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá pé, ẹgbàá méje èèyàn yóò fi Bergsund sílẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọmọ́yẹni, ọmọ Ṣìjúadé, wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò mọ ibòmíràn. Ìyá ọkọ Ṣìjúadé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ugbó, wà nínú wọn pẹ̀lú. Níbo ni wọn yóò padà sí? Ṣé kí wọ́n lọ kanlẹ̀kùn omi ni?

Ẹlẹ́rìí ò gbọdọ̀ gbin. Ó jókòó, ó lajú.

"Ká ka ìwé ìyọ̀ǹda," ni Torsten wí. Òfin gbà wọ́n láyè láti dá àlejò méje sí. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. "Ìkíní ni ẹlẹ́rìí wa yìí, Ṣìjúadé."

Orí Ṣìjúadé wú. Ó wo ẹ̀yìn bóyá Ṣìjúadé mìíràn wà níbẹ̀.

"Gbogbo wa la fẹnu kò lé e lórí," ni Torsten ń bá a lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó fún ọmọdé ní súìtì. "Bí wọ́n bá lọ tán, ta ni yóò máa jẹ́rìí fún wa? Ṣé Birger ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà kìíní rèé láàárọ̀ yẹn tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

"Ìkejì, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Ìkẹta, oníṣègùn eyín. Ìkẹrin, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìkarùn-ún, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọmọ Gánà ni ìyẹn," ni ẹnìkan wí.

"Ọmọ Gánà ni. Ìwọ lè tẹ̀ ẹ́? Ìkẹfà, ìyàwó ọmọ Gudrun."

Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Gudrun mi orí. "Ti ìyàwó ọmọ mi yàtọ̀," ló wí. "Ó máa ń pe èmi ní Màmá."

Ti oníkálukú wọn ló yàtọ̀. Ṣìjúadé kò tilẹ̀ gbọ́ wọn mọ́. Òun nìkan ni wọ́n dá sí nínú ilé rẹ̀. Kì í ṣe Ọmọ́yẹni, kì í ṣe Màmá Ugbó. Wọ́n fẹ́ kí òun dúró lórí àga yìí, kí òun máa wo bàtà tó ń fò, nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbé ọmọ òun lọ. Ìbínú gbá a láyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni ń to igi ìdáná: yóò dìde, yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé àyè wọn lọ fi bo ibojì. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé ó tún un tò lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n ṣáà bi òun ni. Ọlọ́run, kí wọ́n bi òun.

Wọn ò bi í. Àyè keje ti dé.

"Ìkeje, Làmídì," ni Torsten wí.

"Ìkeje, Corazon," ni Birger wí lẹ́nu kan náà.

Ìjà náà nìyẹn. Láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń jà á. Làmídì ló ń tọ́jú Torsten. Ó dúró lẹ́yìn àga onítáyà náà báyìí, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin gìrìpá tó gbé ọwọ́ lé ọwọ́. Ó ń fọ́n ata díẹ̀ sínú ògì ọkà tí Torsten ń jẹ láràárọ̀, Torsten kò sì tíì mọ ohun tó fà á tí ẹnu òun fi tún padà mọ adùn. Corazon ní tirẹ̀ ni obìnrin Filipíìnì tó ń fi òróró gbóná ra ẹ̀yìn Birger lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Kí obìnrin yẹn dúró, kí n máa wò ó?" ni Solveig wí. "Èmi, Solveig? Ọdún mẹ́ta ló fi ń ra ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ògiri ló ń kùn, ó yẹ kó ti tán."

"Solveig, ẹ̀yìn ni," ni Birger wí.

"Mo mọ ibi tí ẹ̀yìn pin sí."

Torsten rẹ́rìn-ín ìkà. Solveig ti jẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ló kó jáde nílé rẹ̀ lọ sí ti Birger, láti ìgbà yẹn àwọn ọkùnrin méjèèjì kò tíì bọ ara wọn lọ́wọ́. "Má dá a lóhùn, Birger. Ẹni tó jí adìyẹ ló yẹ kó máa ṣọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀."

Ṣìjúadé gbójú sí ilẹ̀. Ó mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀. Òfin Ìfọwọ́kàn ti sọ pé ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹni kì í fọwọ́ kan ara ẹni láìsí ẹlẹ́rìí, Àpótí ló sì ń yan ẹlẹ́rìí. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń wí yìí, Ṣìjúadé ló ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá Corazon lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọwọ́ Corazon kò kọjá ìbàdí rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Birger ló máa ń kọjá ibi tó yẹ. Bí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí bá bi í, gbólóhùn kan ni yóò fi fọ Corazon mọ́, ìjà yóò sì rọ̀. Ó wá ń gbàdúrà sí òdìkejì àdúrà tó ń gbà tẹ́lẹ̀: kí wọ́n má bi òun.

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún," ni Àpótí wí.

"Làmídì, lọ gbé ògì mi kaná," ni Torsten wí. "Ebi ò jẹ́ kí n lè jà dáadáa." Làmídì lọ sí ilé ìdáná. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Torsten wo ìwé, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là bí ẹni tó rí bọ́tìnnì tó ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Birger," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹlẹ́rìí bá fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́?"

Birger ronú. Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀díẹ̀. "Làmídì á wọlé. Corazon á wọlé."

"Ta ni yóò wá máa jẹ́rìí?"

"Bí wọ́n bá ti lọ tán, kí la tún fẹ́ máa jà lé lórí?"

"Èmi ò tíì sọ tèmi," ni Solveig wí, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti na ọwọ́ sí ara wọn lókè tábìlì. Wọ́n bọwọ́. Ọdún méjìlá. Gudrun fi aṣọ ìnujú nu ojú. Gbogbo àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

"Ẹlẹ́rìí," ni Torsten wí, ó yí àga rẹ̀ padà, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Èèyàn rere ni ọ́. O lọ́mọ. A mọ̀ pé o ò ní fẹ́ dá dúró nígbà tí àwọn èèyàn rẹ bá ń lọ. Ṣé o fi àyè rẹ sílẹ̀?"

Wọ́n ti bi í. Ìbéèrè tó ti ń tọrọ láti ìṣẹ́jú ogún sẹ́yìn rèé, ọ̀rọ̀ sì ti tò sẹ́nu rẹ̀ gbáà. Ṣìjúadé dìde dúró, ó ya ẹnu, igi ìdáná àkọ́kọ́ ti fẹ́ẹ́ jáde, nígbà tí ojú rẹ̀ tẹ àtàǹpàkò Birger tó rọ̀ sókè Àpótí bí òjò tó fẹ́ rọ̀. Ó kà á lọ́kàn. Bí òun bá dìde, ẹni méjì á jókòó. Bí ẹni méjì bá jókòó, ìjà tán. Bí ìjà bá tán, Ọmọ́yẹni wọkọ̀.

Ó pa ẹnu dé. Ó tún jókòó.

"Mi ò fi í sílẹ̀," ló wí.

Ẹ̀gbà tàn bí ewé.

Bí ẹni da omi tútù sí wọn lọ́rùn ni. Gudrun ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Àti ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi wà nílé."

"Irú ìyá wo nìyí?" Ojú Torsten ti pọ́n kankan. "Àwa la fẹ́ lé ọmọ rẹ, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá jù ọ́ lọ."

"Ẹ̀yin lẹ fún mi láyè, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo tọrọ. Mo gbà á, mo dúpẹ́, ó ti di tèmi."

"Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀?" ni Birger bi í.

Òun nìyẹn, ìbéèrè burúkú. Ṣìjúadé wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. "Ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé sórí igi, wọn kì í bi í ní ìdí tí kò fi sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀gbà rẹ̀ kò pọ́n, àwọ̀ ìyeyè ló yọ, ó ń ṣẹ́jú. "Òwe," ni Àpótí wí. "Ẹ̀gbà ò lè wọn òwe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́rìí, ẹ sọ ọ́ ní tààrà."

Kò sí ibi tó tún lè yà sí. Ó mí kanlẹ̀. "Nítorí pé bí mo bá fi í sílẹ̀, ìjà yín á parí. Bí ìjà yín bá parí, ẹ ó tẹ ìwé. Bí ẹ bá tẹ ìwé, ẹ ó lé ọmọ mi. Ìjà yín ni òrùlé tó wà lórí wa. N kò ní fi ọwọ́ ara mi ṣí i."

Ẹ̀gbà mọ́lẹ̀ débi pé ó tàn sára ògiri. Kò sí òótọ́ tó tún lè ju ìyẹn lọ nínú ilé náà, gbogbo wọn sì rí i. Ṣìjúadé di àga mú. Ó tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè yóò mọ̀ báyìí pé ohun tó kù kò ju kí ẹnìkan nínú àwọn méjì jáwọ́ lọ.

Birger yíjú sí Torsten. "O gbọ́. Jáwọ́ nínú Làmídì."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ìwọ?"

Ojú Birger kéré. "Háà. Mo ti rí i. Ìwọ lo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ̀rù lè bà mí, kí n fi Corazon sílẹ̀."

"Èmi? Ìwọ lo rán an, kí n lè fi Làmídì sílẹ̀."

"Ẹ̀gbà tàn," ni Gudrun wí. "Òótọ́ ló sọ."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni," ni Birger ké. "Òótọ́ tó bá wúlò fún Torsten, irọ́ ni."

Ṣìjúadé yanu sílẹ̀. Ó ti rí oríṣiríṣi lórí àga yẹn, kò rí irú èyí rí. Ó fi òótọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọ̀bẹ fún ọ̀tá, wọ́n sì ń fi gún ara wọn. Torsten ní gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ibojì òfìfo ni ti bàbá bàbá Birger, pé òdìkejì odò ni bàbá náà kú sí níbi tó ti ń jí ewúrẹ́ gbé. Birger fa àwo ọrùn Torsten já. Torsten fi àga onítáyà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Àpótí ń kọ, Ṣìjúadé ń wí pé ó ṣojú mi, ó ṣojú mi, ìṣẹ́jú sì ń lọ: mẹ́sàn-án, méje, márùn-ún.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Làmídì wọlé pẹ̀lú abọ́ ògì tó ń rú èéfín. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ohun tí Ṣìjúadé sọ. Ohun tó gbọ́ ni orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó tó ń para wọn nítorí rẹ̀. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ lára aṣọ, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

Ṣìjúadé mọ̀ kó tó ya ẹnu. Ó ṣẹ́jú sí i. Ó mi orí. Ó gé ètè jẹ.

"Ẹ má sunkún, Àǹtí Ṣìjú," ni Làmídì wí ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà ló bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ dá mi sí. Ṣùgbọ́n mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́ta. Èmi ò lè jókòó sínú ilé gbígbóná kí ìyàwó mi máa gbé ọmọ pọ̀n lórí omi. Bàbá tó bí mi á bú mi lọ́run. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́. Ẹ fi àyè náà fún Corazon, kí ẹ má jà mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣìjúadé gan-an mọ̀ pé ó dára, nítorí ó fẹ́ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tòun gan-an. Ó wù ú kó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, kó di Làmídì lọ́rùn mú. Ìwà ọmọlúàbí fẹ́ pa ẹgbàá méje èèyàn níṣojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè.

"Làmídì Arówólò yọ orúkọ rẹ̀," ni Àpótí wí. "Àyè keje: Corazon Reyes. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Torsten ń wo abọ́ ògì. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí lójú oorun. "Ta ni yóò wá máa sè é fún mi?"

"Mo ti kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, Bàbá. Ata ìdajì ṣíbí."

"Ata?" ni Torsten wí.

Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ó na ọwọ́, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ Àpótí. Birger tẹ̀ ẹ́. Gudrun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń dún kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń kan pósí. Ṣìjúadé kà á: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Àpótí wí. "Ó ku ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀."

Ọwọ́ Solveig wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Birger wí.

"Corazon yóò máa gbé níhìn-ín."

"Solveig, ọgbọ̀n ọdún la ti ń retí òní. Ẹ̀yìn ni. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, òfin ni."

"Ẹlẹ́rìí wo?"

Birger yíjú. Ojú rẹ̀ bá ti Ṣìjúadé pàdé. Kò ju kí Birger nàka lọ. Kó sọ pé, òun nìyẹn, bi í léèrè. Solveig yóò bi í, òun yóò dáhùn, ẹ̀gbà yóò tàn, àtàǹpàkò kẹwàá yóò sì bọ́ sílẹ̀.

Birger wo Ṣìjúadé, ó wo Torsten tó ti dẹ etí sílẹ̀, tó ti ń múra láti rẹ́rìn-ín. Ìtìjú gun ojú rẹ̀ láti àgbọ̀n dé iwájú orí.

"Mi ò rántí orúkọ rẹ̀," ló wí.

"O ò rántí," ni Solveig wí. Ó fa ọwọ́ yọ nínú àpò. Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni wo ohun tó rà tí kò dára. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá lórí Àpótí, ó mú bàtà rẹ̀ jáde nínú ìkòkò kọfí.

Agogo méjìlá lù.

"Ìwé ti kú," ni Àpótí wí láìbínú. "Ẹgbẹ́ lè gbé òmíràn wá lẹ́yìn ọdún méje. A kí yín, ẹ kú ìjókòó."

Bí ìṣe wọn, gbogbo wọn yíjú sí àga gíga.

"Ó ṣojú mi," ni Ṣìjúadé wí.

Nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀wù òtútù sí ni Solveig ti bá a. Ṣìjúadé ń wá apá ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ki ọwọ́ bọ ibi tí kì í ṣe apá. Obìnrin arúgbó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì ń kán kọfí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú tó fi wò ọ́ yẹn," ló wí. "Mo rí i. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Èmi ni, Ìyáàfin."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Corazon ń ra ẹ̀yìn fún ọkọ yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ rí." Ẹ̀gbà tàn.

Solveig wo ìmọ́lẹ̀ náà. "Kí ló wá dé tí ojú fi ń tì í?"

"Ọkọ yín máa ń sunkún níbẹ̀."

"Nítorí ẹ̀yìn?"

"Nítorí yín." Ṣìjúadé fi ẹ̀wù sílẹ̀. "Wọ́n ní ṣíbí ṣúgà méjì lẹ máa ń fi sí kọfí wọn láràárọ̀. Wọn kì í mu ṣúgà, Ìyáàfin. Torsten ló ń mu ún. Ọkọ yín ti ń mu ún fún ọdún méjìlá, wọn ò sì lè sọ ọ́, kí ẹ má baà mọ̀ pé ọkọ yín àtijọ́ lẹ ṣì ń po kọfí fún. Ohun tí wọ́n ń sọ fún Corazon láti ọdún mẹ́ta nìyẹn."

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ Solveig. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ẹ̀wù àwọn èèyàn títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti gbọ̀ngàn, wọ́n ń gbọ́ ohùn Birger àti ti Torsten tó ti tún bẹ̀rẹ̀.

"O mọ̀ láti àárọ̀," ló wí. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí."

Solveig gbé orí sókè. "Ṣúgà," ló wí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ṣìjúadé ro ẹgbàá méje èèyàn. Ó ro Ọmọ́yẹni, tí yóò ti máa jí lójú oorun ọjọ́ ìsinmi báyìí, tí yóò máa bá Màmá Ugbó ṣàròyé pé ẹja ti tán nínú ìkòkò. Ó ro ṣíbí méjì.

"Ó ṣojú mi," ló wí, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì tàn bí ewé.